Stem cell, antioxidant àti èéfín jẹnẹrétọ̀: ibi tọ́rọ̀ dé gan-an

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó ní kí n bá òun wò ó kóun tó sanwó. Ọkùnrin kan ló wà nínú ẹ̀, ó wọ kóòtù funfun bíi ti dókítà, bóyá dókítà ni àbí kì í ṣe dókítà èmi ò mọ̀ o, ó wá gbé sáṣẹ́ẹ̀tì kékeré kan sókè, ó ní stem cell ló wà nínú ẹ̀, pé antioxidant tó wà níbẹ̀ náà á máa ṣọ́ stem cell tó ti wà lára wa tẹ́lẹ̀ kó má bàa kú, pé kéèyàn ṣáà ti dà á sábẹ́ ahọ́n láàárọ̀ kó tó fẹnu kan oúnjẹ, orúnkún tó ń dunni á fúyẹ́, ojú tó ń ṣú á là, ìtọ̀ ṣúgà á lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀. Orúnkún ló ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú ní tiẹ̀. Owó tí wọ́n pè é kì í ṣe owó kékeré.

Ohun tí kò jẹ́ kí n lè fèsì kíá ni pé ọ̀rọ̀ méjèèjì tí wọ́n kọ sára páálí yẹn, ọ̀rọ̀ gidi ni. Stem cell wà, wọ́n sì ń fi wo èèyàn sàn. Antioxidant náà wà, àwọn onísáyẹ́ǹsì sì ń fi ṣọ́ stem cell lóòótọ́, ó ti lé ní 20 ọdún tí wọ́n ti wà lẹ́nu ẹ̀. Àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe é, bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ìgbà tí wọ́n ń ṣe é, kò jọ kéèyàn máa da páúdà sábẹ́ ahọ́n rárá. Mo wá ní dípò kí n máa tẹ̀ ẹ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lórí fóònù, ẹ jẹ́ n jókòó kọ ọ́ dáadáa, torí kò dá mi lójú pé ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni wọ́n fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí.

Ká mú stem cell ṣáájú. Sẹ́ẹ̀lì ló kóra jọ tó di ara èèyàn, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ti yan iṣẹ́ tiẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ò mọ̀ ju kó máa gbé ọ́síjìn kiri lọ, tó bá ti ṣe bí 120 ọjọ́ ó gbó, ó kú. Ti awọ ara ń re dànù lójoojúmọ́. Ta ló wá ń bí èyí tó ń rọ́pò wọn? Àwọn kan wà tí wọn ò tíì yan iṣẹ́, tí wọ́n lè bí irú ara wọn, tí wọ́n sì tún lè bí ọmọ tó máa lọ di nǹkan míì. Sẹ́ẹ̀lì ìyá lèmi máa ń pè wọ́n, torí iṣẹ́ abiyamọ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó ń bí ẹ̀jẹ̀ ń gbé nínú mùdùnmúdùn eegun, ibẹ̀ ni ara ti ń ṣe sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa bíi mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ gbọ́ mi yé o, ìṣẹ́jú àáyá, kì í ṣe ọjọ́. Ọkùnrin méjì ní Toronto, James Till àti Ernest McCulloch, ni wọ́n kọ́kọ́ fi eku fi wọ́n hàn ní 1961: wọ́n fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eku, wọ́n fa mùdùnmúdùn eku míì sí i lára, wọ́n wá rí kókó kéékèèké tó so nínú ikùn ẹ̀, wọ́n fura pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí kókó kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yá ó hàn pé bẹ́ẹ̀ náà ni. Gbígba mùdùnmúdùn ẹlòmíì tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, stem cell náà nìyẹn, E. Donnall Thomas gba Nobel lórí ẹ̀ ní 1990. Ẹni tó bá ní stem cell ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kò mọ̀tàn ni.

Antioxidant ló kàn, ẹni tó bá sì ti gbé Nàìjíríà rí kò ní pẹ́ yé e. Inú sẹ́ẹ̀lì, jẹnẹrétọ̀ ń bẹ níbẹ̀, mitochondria lorúkọ ẹ̀. Oúnjẹ tá a jẹ ni epo ẹ̀, ọ́síjìn tá a mí símú ló ń bá a jó, agbára ló ń gbé jáde. Kò sì sí jẹnẹ́ tí kì í rú èéfín. Èéfín ti inú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè ní free radical, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní lábù máa ń pè é ní ROS: ọ́síjìn tó ti ya ìpáǹle, tó ń wá ẹni tó máa já nǹkan gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá já a gbà lára DNA, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì sí, DNA á ṣẹ́, tó bá jẹ́ ọ̀rá tó bo sẹ́ẹ̀lì ló kọlù, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Antioxidant ni ohunkóhun tó bá lè fún ìpáǹle yẹn ní nǹkan tó ń wá kó lè jókòó jẹ́ẹ́. Ní 1956 Denham Harman ní Amẹ́ríkà ti sọ pé èéfín yìí ló ń sọ wá darúgbó, ó sì di 1969 kí Joe McCord àti Irwin Fridovich tó rí i pé ara fúnra ẹ̀ ti ní òṣìṣẹ́ tó ń gbá èéfín náà kúrò nílẹ̀. Ìyẹn ni pé antioxidant ti wà nínú sẹ́ẹ̀lì yín kó tó di pé ẹnikẹ́ni fi sáṣẹ́ẹ̀tì lọ̀ yín. Glutathione ni ọ̀kan, òun náà ni wọ́n sọ di abẹ́rẹ́ táwọn èèyàn ń gbà kí wọ́n lè pupa, àmọ́ ẹjọ́ ìyẹn tún yàtọ̀, mi ò ní dá a lónìí.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ìwà stem cell ẹ̀jẹ̀. Kì í fẹ́ tan jẹnẹ́. Afẹ́fẹ́ tí èmi àtẹ̀yin ń mí, ọ́síjìn inú ẹ̀ jẹ́ 21 nínú 100, àmọ́ inú mùdùnmúdùn tí stem cell wà, ó lè má ju 1 sí 4 lọ. Ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì há, ohun tó sì ba stem cell lára mu nìyẹn. Ńṣe ló máa ń fi àtùpà ṣe é, á máa fa agbára díẹ̀díẹ̀ látinú ṣúgà láìjẹ́ pé ó lo ọ́síjìn púpọ̀, á sì sùn sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sẹ́ẹ̀lì tó máa bímọ fún 80 ọdún ò gbọ́dọ̀ jókòó sínú èéfín.

Kí ló máa ṣẹlẹ̀ tí èéfín bá wọlé tọ̀ ọ́? Àwọn ará Japan ló kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀. Keisuke Ito àti Toshio Suda pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn lo eku tí wọ́n ti yọ jíìnì ATM kúrò lára ẹ̀ (jíìnì dà bí ojú ìwé kan nínú ìwé DNA), jíìnì yìí wà lára àwọn tó ń bójú tó DNA tó bá ṣẹ́. Nígbà táwọn eku náà dàgbà, mùdùnmúdùn wọn gbẹ, kò lè ṣe ẹ̀jẹ̀ mọ́, wọ́n wò ó wọ́n rí i pé èéfín ti kún inú stem cell wọn fọ́fọ́. Wọ́n wá fún wọn ní NAC. Òògùn yìí, àwọn dókítà mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, òun ni wọ́n ń fún ẹni tó bá lo pàrásítámọ́ọ̀lù jù kí ẹ̀dọ̀ ẹ̀ má bàa run, iṣẹ́ ẹ̀ sì ni kó ran ara lọ́wọ́ láti ṣe glutathione. Stem cell àwọn eku yẹn padà sẹ́nu iṣẹ́. 2004 nìyẹn. Ní 2006 wọ́n tún padà wá, lọ́tẹ̀ yìí eku tára ẹ̀ dá ṣáṣá ni wọ́n mú, wọ́n ń gba stem cell látara eku kan sí òmíì, látara ìyẹn sí òmíì, bíi kéèyàn máa lọ́ ìrèké kan náà mọ́ igi lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí kò fi ní sí omi lára ẹ̀ mọ́, wọ́n rí i pé èéfín ló ń tan aago ìdágìrì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, p38 lorúkọ aago náà, tí aago yẹn bá ti ń dún jù stem cell á gbó. Àwọn tó rí antioxidant lò, stem cell wọn pẹ́ kó tó rẹ̀ ẹ́. Ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀ àwọn kan ní Boston gba ọ̀nà jíìnì míì, FoxO, ibi kan náà ni wọ́n já sí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí díẹ̀ rèé, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eku ti di ọ̀rọ̀ ọsibítù. Ìwòsàn stem cell, kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é tí wọn ò ní yọ sẹ́ẹ̀lì yẹn kúrò nílé ẹ̀. Wọ́n á fà á jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́, nígbà míì wọ́n á gbìn ín sínú abọ́ kó lè bí sí i, wọ́n á fi sínú yìnyín, ní ìwọ̀n òtútù tó jẹ́ 196 sísàlẹ̀ òdo, wọ́n á yọ́ ọ, wọ́n á fà á sí ẹlòmíì lára. Gbogbo ìrìn àjò yẹn pátá, inú afẹ́fẹ́ tó ní ọ́síjìn 21 ni. Bíi kéèyàn gbé ẹni tó ti ń gbé inú yàrá tútù látọjọ́ tí wọ́n ti bí i, kó wá jù ú sí Ọ̀ṣòdì lọ́sàn-án gangan. Kó tó dé ibi tó ń lọ, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Hal Broxmeyer, Indiana ní Amẹ́ríkà ló ti ṣiṣẹ́, ó kú ní 2021. Ó wà lára àwọn tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń ṣẹ́kù sínú ìwọ́ àti ibi ọmọ lẹ́yìn ìbí, stem cell kún inú ẹ̀, kí wọ́n má dà á nù. Àwa, inú ilẹ̀ la ń rì í sí, a sì mọ ìdí tá a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, níbi tí wọ́n rì ìwọ́ ẹni mọ́ nilé ẹni. Àwọn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀ sínú ọ̀rá, wọ́n fi sínú yìnyín. Ní 1988, wọ́n gbé ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ọmọbìnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí láti lábù Broxmeyer wọ bààlúù lọ sí Paris, Dókítà Eliane Gluckman fà á sí ẹ̀gbọ́n ọmọ náà lára, ọmọdékùnrin tó ní àìsàn Fanconi, tí mùdùnmúdùn ẹ̀ ò lè ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó ṣiṣẹ́. Látìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ ti di nǹkan tí wọ́n ń tọ́jú sí báńkì.

Ìṣòro kan ló ṣẹ́kù. Ẹ̀jẹ̀ inú ìwọ́ kan ò pọ̀, ó lè tó ọmọdé àmọ́ àgbàlagbà á sọ pé òun ò tíì yó. Gbogbo stem cell tó bá ṣòfò ló ń dunni. Broxmeyer àti Charlie Mantel wá bi ara wọn léèrè pé ṣé iye tá à ń rí yìí niye tó wà níbẹ̀ lóòótọ́, àbí afẹ́fẹ́ ló ti jẹ èyí tó pọ̀ nínú ẹ̀ kó tó débi tá a ti ń kà á? Wọ́n ṣe àpótí kan tí ọ́síjìn inú ẹ̀ ò ju 3 nínú 100 lọ, inú ẹ̀ ni wọ́n ti fa mùdùnmúdùn eku jáde, inú ẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣètò ẹ̀jẹ̀ ìwọ́ èèyàn, wọn ò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ìta kàn án rárá. Stem cell tí wọ́n rí pọ̀ gan-an ju bí wọ́n ṣe máa ń rí i lọ. Wọ́n gbé e jáde ní 2015. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ọdún táwọn èèyàn ti fi ń ka stem cell, èyí tó yè bọ́ ni wọ́n ń kà.

Àmọ́ ta ló fẹ́ bímọ sínú àpótí? Agbẹ̀bí wo ló máa ti ọwọ́ bọ ihò gílọ́ọ̀fù gbẹ̀bí? Wọ́n wá ń wá nǹkan tí wọ́n lè dà sínú ọ̀rá tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ sí, kó ṣe bí àpótí náà. Èyí tí Broxmeyer wọn kọ́kọ́ lò, cyclosporine ni, àwọn tó ti gba kíndìnrín ẹlòmíì mọ̀ ọ́n dáadáa torí òun ni wọ́n máa ń lò kí ara má bàa kọ kíndìnrín náà. Kì í gbá èéfín, ńṣe ló ń dí ihò kan lára jẹnẹ́ kí jẹnẹ́ má bàa bẹ́. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ gan-an, níbi tọ́rọ̀ ti le jù, antioxidant lásán kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ti ọkàn tún rèé. Tí ọkàn èèyàn bá dá iṣẹ́ dúró lápá kan torí ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀, apá yẹn á kú. Àwọn dókítà ti ń gbìyànjú láti fi stem cell gbin òmíì síbẹ̀. Ní 2002, wọ́n fa stem cell èèyàn kan báyìí sínú ọkàn eku ní Amẹ́ríkà, nígbà tó di ọjọ́ kẹrin wọ́n lọ kà á, nínú 200 tí wọ́n gbìn, kò tó 1 tó ṣẹ́kù. Bí àgbẹ̀ bá gbin 200 ebè tí ẹyọ ọ̀gbìn kan ò hù, á mọ̀ pé ilẹ̀ ló níṣòro. Ilẹ̀ ọkàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa, iná ló ń jó níbẹ̀, èéfín gba gbogbo ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń rẹ stem cell sínú NAC, fítámì E, melatonin àtàwọn míì bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbìn ín, kó lè di ìhámọ́ra wọ ojú ogun. Nínú eku, ọ̀pọ̀ ìgbà ló ń jẹ́ kí èyí tó yè pọ̀ sí i. Ti èèyàn ò tíì débẹ̀ rárá, ẹni tó bá ní ó ti débẹ̀ kó fi ọsibítù tí wọ́n ti ń ṣe é hàn wá.

Fítámì C ní ìtàn tiẹ̀ lọ́tọ̀, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ torí ó dójú ti gbogbo wa. Shinya Yamanaka ní Japan fi hàn ní 2006 pé èèyàn lè mú sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà, ká ní ti awọ ara, kó dá a padà sípò ọmọ tuntun, kó di stem cell padà. Ó gba Nobel lórí ẹ̀ ní 2012. Àmọ́ èyí tó ń yí padà kéré gan-an, ọ̀pọ̀ ló ń kú sójú ọ̀nà. Ní 2010 àwọn ará Guangzhou ní Ṣáínà, Duanqing Pei àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, da fítámì C sí i, èyí tó yí padà sì pọ̀ sí i púpọ̀. Gbogbo ayé ní, ẹ ò rí antioxidant bó ṣe ń ṣiṣẹ́! Wọ́n tún wá dán àwọn antioxidant míì wò, wọn ò rí ohun tó tó ti fítámì C. Nígbà tí wọ́n tú ìdí ẹ̀ wò, wọ́n rí i pé kì í ṣe èéfín ni fítámì C ń gbá níbẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan tó ń pa àmì rẹ́ lára DNA ló ń bá ṣiṣẹ́, òun ni kò jẹ́ kí ọwọ́ wọn kú. Ìyẹn ni pé orúkọ tí wọ́n fún nǹkan lára páálí lè má jẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe.

Mo ti sọ dáadáa ẹ̀ tán, ẹ jẹ́ ká yí i sódì kejì.

Lọ́dún 2010 kan náà, Tao-Sheng Li àti Eduardo Marbán ní Los Angeles ń gbin stem cell ọkàn sínú abọ́. Wọ́n rí i pé tí wọ́n bá gbìn ín sínú ọ́síjìn tó kéré, DNA ẹ̀ máa ń dá ṣáṣá ju ti afẹ́fẹ́ ìta lọ, ìyẹn ò yani lẹ́nu. Wọ́n wá ní káwọn fi antioxidant kún un. Èyí tí wọ́n fi díẹ̀ sí ò ní wàhálà. Èyí tí wọ́n da púpọ̀ sí, DNA ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́! Báwo ló ṣe jẹ́? Torí èéfín díẹ̀ yẹn, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Láyé àtijọ́ tẹ́ ẹ bá rí èéfín lórí òrùlé, ẹ mọ̀ pé wọ́n ń dáná lọ́hùn-ún, ẹnì kan wà nílé. Sẹ́ẹ̀lì náà ń fi èéfín díẹ̀ ránṣẹ́ síra ẹ̀, òun ló fi ń mọ̀ pé àkókò tó láti pe àwọn tó ń tún DNA ṣe. Tẹ́ ẹ bá gbá gbogbo èéfín nù pátápátá, ẹ ti pa ìránṣẹ́ ẹnu ọ̀nà. Stem cell tí DNA ẹ̀ bá sì ti bàjẹ́, kò sẹ́ni tó máa gbà kí wọ́n fà á sóun lára. Ní Kobe, Masayo Takahashi fi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà Yamanaka sójú obìnrin kan ní 2014, òun lẹni àkọ́kọ́ láyé, àmọ́ nígbà tó kan ẹnì kejì wọ́n yẹ sẹ́ẹ̀lì tirẹ̀ wò, wọ́n rí ìyípadà nínú DNA ẹ̀, wọ́n dá a dúró. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Èyí tó tún wá burú jùyẹn lọ ni ti jẹjẹrẹ. Antioxidant ò mọ ọmọ onílé yàtọ̀ sí olè, ẹni tó bá ti sá sábẹ́ agboorùn ẹ̀ ló ń bò. Ní Finland, wọ́n kó 29,133 ọkùnrin tó ń mu sìgá jọ, wọ́n fún àwọn kan ní beta-carotene nírètí pé kò ní jẹ́ kí wọ́n ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí èsì jáde ní 1994, àwọn tó lo òògùn náà ló wá ní jẹjẹrẹ náà jù, fi 18 nínú 100 ju àwọn tí kò lò ó. Òmíì tún wà ní Amẹ́ríkà tó jọ ọ́, wọ́n dá a dúró ní 1996 kó tó parí torí ohun kan náà, ti ibẹ̀ tiẹ̀ wọ 28 nínú 100. Ẹ má sáré lọ da epo pupa nù o, beta-carotene wà nínú epo pupa àti kárọ́ọ̀tì lóòótọ́, kò pa ẹnikẹ́ni, oògùn oníhóró tí wọ́n ń gbé mì lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lọ́rọ̀ wà lórí ẹ̀, fún àwọn tó ń mu sìgá. Ní Sweden ní 2014, wọ́n fún eku tó ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní NAC àti fítámì E, jẹjẹrẹ náà sáré sí i. Ní Texas ní 2015, Sean Morrison àtàwọn èèyàn ẹ̀ rí i pé NAC ń ran jẹjẹrẹ awọ ara lọ́wọ́ láti tàn káàkiri ara eku. NAC kan náà tó gba stem cell là ní Japan! Òògùn kan náà ni, eku náà ni, ohun tó wà lára eku ló yàtọ̀.

Kí ló wá kan àwa? Sickle cell ni, àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, kò sórílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní in tó Nàìjíríà. Mo ní ẹ̀jẹ̀ pupa máa ń lo 120 ọjọ́. Tẹni tó ní sickle cell, 10 sí 20 ọjọ́ ló ń lò, ó ti fọ́, irin inú ẹ̀ á tú síta, èéfín á gba ibi gbogbo, stem cell inú mùdùnmúdùn á máa ṣiṣẹ́ bí ẹrú láti dí àlàfo. Bí ibì kan bá wà tó yẹ kí antioxidant wúlò, ibẹ̀ ni. Òògùn kan tiẹ̀ wà, L-glutamine, àwọn aláṣẹ òògùn Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní July 2017, ó ń ran ẹ̀jẹ̀ pupa lọ́wọ́ láti kojú èéfín náà, ẹ sì máa rẹ́rìn-ín, páúdà inú sáṣẹ́ẹ̀tì lòun náà! Àmọ́ ẹ wo bí sáṣẹ́ẹ̀tì gidi ṣe ń sọ̀rọ̀. Èèyàn 230 ni wọ́n fi dán an wò, ìgbà tí ìrora máa ń gbé ẹni tí kò lò ó láàárín nǹkan bí ọdún kan jẹ́ 4, tẹni tó lò ó jẹ́ 3. Ó tán. Kò sọ pé ojú á là, kò sọ pé orúnkún á fúyẹ́. Àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù tiẹ̀ wo ìwádìí náà, kò tẹ́ wọn lọ́rùn.

Èyí tó ń wo sickle cell tí kì í padà wá, stem cell náà ni. Ní Benin City, UBTH, ìyẹn ọsibítù Yunifásítì Benin, ti ṣe é ní 2011, Dókítà Godwin Bazuaye àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ gba stem cell fún ọmọkùnrin kan tó ní sickle cell. Èyí tuntun tí wọ́n ń pè ní Casgevy, Ìlú Ọba fọwọ́ sí i ní November 2023, Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní December: wọ́n á fa stem cell aláìsàn fúnra ẹ̀ jáde, wọ́n á tún jíìnì inú ẹ̀ ṣe, wọ́n á fi sínú yìnyín, wọ́n á fi òògùn jẹjẹrẹ fọ mùdùnmúdùn ẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó dá a padà. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n máa ń lò láti lé stem cell jáde sínú ẹ̀jẹ̀ lára ẹlòmíì, ó léwu fún onísickle cell, òmíì tí agbára ẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lò, àwọn kan sì ń lọ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé. Ẹ wá ronú ẹ̀, tó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló ń jẹ nínú iye tí wọ́n ń rí, tí wọ́n bá rí nǹkan kan tí wọ́n lè dà sínú ọ̀rá yẹn tí sẹ́ẹ̀lì ò fi ní ṣòfò, aláìsàn tí ì bá sùn sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mẹta lè sùn lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí mo rò pé iṣẹ́ antioxidant yìí máa wúlò fún wa jù nìyẹn, nínú ọ̀rá àti nínú abọ́, kì í ṣe lẹ́nu.

Ó ku ọ̀rọ̀ sáṣẹ́ẹ̀tì. Stem cell tó wà nínú èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ti èso ni, ápù ló gbajúmọ̀, irú ápù àtijọ́ kan láti Switzerland tó máa ń pẹ́ kó tó jẹrà. Ìpara ojú ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Sẹ́ẹ̀lì ápù, ápù ló lè bí, ìyẹn tó bá tiẹ̀ ṣì wà láàyè lẹ́yìn tí wọ́n ti gbẹ ẹ́ tí wọ́n lọ̀ ọ́ di páúdà. Tó bá dénú ikùn, ikùn á lọ̀ ọ́ bó ṣe ń lọ ẹ̀bà. Ẹni tó jẹ ọpọlọ màlúù ò tìtorí ẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń dako. Ti abẹ́rẹ́ ló wá ń bà mí lẹ́rù jù, torí ìyẹn ò mọ sórí kówó ṣòfò. Ní Florida ní 2015, obìnrin mẹ́ta tójú wọn ti ń ṣú lọ sí kíníìkì kan, wọ́n san 5,000 dọ́là, wọ́n fa ọ̀rá inú ara wọn, wọ́n ní àwọn ti yọ stem cell jáde nínú ẹ̀, wọ́n gún un sí ojú wọn méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Ojú tó ń ṣú yẹn ló wá fọ́. Dókítà gidi kì í fọwọ́ kan ojú méjì lọ́jọ́ kan tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n ṣì ń dán wò, ìyẹn nìkan ti tó fún ẹnikẹ́ni láti dìde lórí ibùsùn kó máa lọ sílé ẹ̀.

Mo ka gbogbo ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ó gbọ́ ọ dópin, kò dá mi lóhùn títí tí mo fi dé orí ti Florida, ó wá ní ṣé ọsàn àti ẹ̀fọ́ náà ò dáa mọ́ ni, mo ní ẹ jẹ ẹ́ dáadáa mà, kò sẹ́ni tí ọsàn pa. Mo ní kó lọ ya fọ́tò orúnkún yẹn ní ọsibítù, torí bóyá egungun ló ń fi ara gbo ara, ohun tí wọ́n máa ṣe sí i wà. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun ti sanwó o, látọjọ́ tó fi fídíò yẹn ránṣẹ́ sí mi, páálí méjì ló rà, ìyàwó pásítọ̀ wọn ló mú un wọlé, kò sì mọ bó ṣe máa ní kí wọ́n dá owó òun padà. Mo ní kò burú mà, ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ yín, òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Ó ní òun ti fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ pàdé stem cell. Mo ní kó dìde, kó lọ lò ó nísinsìnyí, kó dẹ̀ jẹ́ kí n gbọ́ ìró omi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹ̀ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru náà.